Ọjọ́ Tí Mo Kọ Nọ́ńbà Ọkọ̀ Dókítà

Lọ́dọ̀ wa ní Kábà, ẹni tó bá tóbi jù ló ni ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa nílé ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á yà fún kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á yà fún ọ̀kadà, ọ̀kadà á yà fún táásì, táásì á yà fún lọ́rí, gbogbo wọn á sì jọ yà wọgbó bí ọkọ̀ èèyàn ńlá bá ń fọn fèrè bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá mi wa lọ́rí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Iṣu ló ń kó láti Odo-Ape àti àwọn abúlé Bùnù wá sọ́jà Kábà, nígbà mìíràn ó máa ń gbé e dé Lọ́kọ́ja. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òfin yẹn kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo máa ń jókòó tì í níwájú ọkọ̀. Ó ní tí mo bá dé ojú títì, kí n má wo ẹni tó jàre, kí n wo ẹni tó wúwo.

Òfin yẹn ni mo gbé sọ́kàn dé ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ń gba inú egungun wọlé.

Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Mo dé ibì kan tí wọ́n ti kun ìlà funfun sójú títì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mo sì dúró kí àwọn ọkọ̀ kọjá tán. Ọkọ̀ kan dé, ó dúró. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo wo inú rẹ̀, mo rí òyìnbó arúgbó kan tó ń wò mí. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Òun náà juwọ́ sí mi pé kí n máa kọjá. Mo tún juwọ́ sí i. Ọkọ̀ mẹ́rin ti tò sẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹyọ kan tó fọn fèrè nínú wọn. Nígbà tó yé mi pé èmi ni gbogbo wọn ń dúró dè, mo sáré kọjá bí ẹni tí ajá ń lé, mo wá yíjú padà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí bàbá náà, bí a ṣe ń kí àgbà nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

N kò lọ ra búrẹ́dì mọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó bóyá èmi nìkan ni wọ́n ṣe é fún nítorí pé mo jẹ́ àlejò. Obìnrin kan tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ìkókó dé, ọkọ̀ dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ya lórókún dé, ọkọ̀ dúró. Bọ́ọ̀sì gìrìwò kan, tó ga ju ilé bàbá mi lọ, dúró fún ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ìyá náà kò sì yára rárá. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo pe Bàbá lórí fóònù, mo ròyìn fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òtútù ò tíì mú ẹ lórí?"

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Obìnrin kan tí à ń pè ní Jẹ́nì, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi ní ìdájí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a dé oríta, iná ojú títì pọ́n. Kò sí ọkọ̀ níwájú, kò sí lẹ́yìn, gbogbo ilé ṣì ti ilẹ̀kùn. Jẹ́nì dúró. Ó pa ọwọ́ mọ́ra, ó ń yán. Mo bi í pé ta ló ń dúró dè. Ó wò mí bíi pé mo béèrè ìdí tí omi fi tutù. Ó ní iná ló pọ́n.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Kò sí èèyàn kankan lójú títì?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí ewúrẹ́."

Ó ní òun máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun ní páàkì, àwọn awakọ̀ àtijọ́ tí wọ́n máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìrun àsárì, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé wọn kò ní gbà á gbọ́.

N kò ní fi pamọ́ pé ọdún àkọ́kọ́ yẹn le. Yàrá kan ni mo ń gbé, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Nígbà tí Ràmàdáánì dé, èmi nìkan ni mò ń ṣínu, mò ń wo aago lórí fóònù, torí pé kò sí ládánì tí etí lè gbọ́. Nílé, bí mo bá gbààwẹ̀, ó kéré tán èèyàn mẹ́fà á ti sọ fún mi pé ó ti tó, kí n mu omi. Níhìn-ín, mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìgbọ́ kí ẹnì kan pe orúkọ mi. Tó bá wá ká mi lára jù, màá wọ kóòtù mi, màá lọ sí ibi ìlà funfun yẹn, màá kọjá sí ọ̀hún, màá tún kọjá padà. Ọkọ̀ á dúró fún mi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan kí mi.

Nílé ìtajà tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti epo ni ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà ti gbọ́ ohùn mi. Mò ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ń sọ èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé gan-an. Mo gbọ́ tí ẹnì kan fi ìkíni ilé wa kí mi lẹ́yìn pé, "Okun o." Omi bọ́ lójú mi kí n tó yíjú padà. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó wọ aṣọ òyìnbó tó dára, ó sì na ọwọ́ sí mi. Ọmọ Ekinrin-Adde, nítòsí Kábà, ni. Egungun àwọn ọmọdé ló ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, òun sì ni olórí àwa ọmọ Okun, ìyẹn àwa Yorùbá apá Kábà, ní gbogbo agbègbè náà. Láàárín oṣù kan, ó ti dúró fún mi lọ́dọ̀ onílé kan, mo kúrò nínú yàrá elógiri, mo bọ́ sí ilé tí oòrùn ń wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fún mi ní kóòtù tó nípọn. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní ọmọ ilé ni mí.

Tíṣà ni mo jẹ́ nílé, àárò àwọn ọmọdé sì ń sọ mí. Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé ìwé kékeré kan ń wá ẹni tí yóò máa mú àwọn ọmọ sọdá títì ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, mo lọ béèrè, wọ́n sì gbà mí. Wọ́n fún mi ní kóòtù oféefèé tó ń tàn yanran, fìlà kan, àti ọ̀pá tó ga jù mí lọ, tí pátákó róbótó wà lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ "Dúró" sí. Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ní bí mo bá ti gbé ọ̀pá náà wọ ojú títì, òfin ni pé kí gbogbo awakọ̀ dúró, títí èmi àti ọmọ tó gbẹ̀yìn á fi kúrò.

Mo bi í pé, "Gbogbo wọn?"

Ó ní gbogbo wọn. Mo ní ọlọ́pàá tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun náà. Mo ní olórí ìlú ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọba tìkára rẹ̀ á dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró létí títì. Mo gbé ọ̀pá náà sókè, mo sọ̀ kalẹ̀ sójú títì níwájú ọkọ̀ akẹ́rù tó gùn bí afárá, gbogbo ohun tí Bàbá kọ́ mi sì ń pariwo nínú mi pé kí n sá. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó dúró. Ti òdìkejì náà dúró. Gbogbo ibẹ̀ wá pa rọ́rọ́, mo sì ń gbọ́ ìró bàtà àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́yìn mi, pá, pá, pá. Èmi, ọmọ awakọ̀ iṣu, ni mo dúró láàárín títì ní ilẹ̀ onílẹ̀, tí irin tó wúwo tóyẹn sì ń dúró dè mí. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti ń ṣiṣẹ́ náà lọ́dún kẹta báyìí, ẹ̀rù ìyanu yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Láti ìgbà náà, Bàbá kì í béèrè àlàáfíà mi tán kó tó wádìí. "Ta ló dúró lọ́sẹ̀ yìí?" Màá ní ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ òkú, tí òkú wà nínú rẹ̀. Nígbà kan ó jẹ́ adájọ́; ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ ló sọ fún mi pé adájọ́ ni. Bàbá máa ń kó ìròyìn náà lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi ìbéèrè tiwọn rán an. Sójà ńkọ́? Ẹni tó ń gbé owó ìjọba ńkọ́? Wọ́n ti gbà mí gbọ́ nígbà náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́, mo ti wà láàárín títì pẹ̀lú àwọn ọmọ bíi méje. Ọmọbìnrin kékeré kan, tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, di ọwọ́ òsì mi mú. Àwọn ọkọ̀ tó wà lápá ọ̀tún ti dúró. Ọkọ̀ dúdú kan ń bọ̀ láti apá òsì, kò dẹ ẹsẹ̀. Mo rí i pé kò ní dúró, mo fa ọmọ náà mọ́ra, mo sì gbé ọ̀pá síwájú. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà gbá pátákó, ó já gbà lọ́wọ́ mi, ó ṣubú sójú títì. Ọkọ̀ náà kọjá lọ. Kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí awakọ̀ náà bí ẹni rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Fóònù wà létí rẹ̀, iwájú ló ń wò. Dókítà ni.

Àwọn ìyá ọmọ sáré dé. Wọ́n gbé pátákó fún mi, wọ́n ń béèrè bóyá mo rí nọ́ńbà ọkọ̀ náà, torí pé òfin ni pé kí ẹni tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ wa, kí àwọn ọlọ́pàá lè bá ẹni tó ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Mo mọ nọ́ńbà náà sórí. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ yẹn lọ kí Yídì. Mo ní n kò rí i dáadáa. Ọmọ kékeré náà ṣì di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń pa irọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án, Dókítà pè mí. Kò bínú, kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Ó ní òun tọrọ àforíjì, pé wọ́n gbé ọmọ kan tí ọkọ̀ gbá dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń pe òun pé kí òun yára. Ó ní òun kò mọ̀ pé èmi ni mo wà níbẹ̀ àfi ìgbà tí òun ti kọjá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi èdè ilé bá mi sọ̀rọ̀. "Ọmọ ilé ni ẹ́. Àárín ara wa ni ká ti parí ẹ̀."

Mo ní ẹ ṣé, sà.

Mo pe Bàbá nírọ̀lẹ́ yẹn, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Mo ti mọ ohun tó máa sọ. Ó máa sọ pé àgbà ni Dókítà, pé ó ṣe mí lóore, pé ẹni tó bá gbé ọmọ ilé lé òyìnbó lọ́wọ́ ti ta ilé. Mo fẹ́ kó sọ ọ́, kí n lè sùn. Bàbá kò sọ ọ́. Ó sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ó ní lọ́jọ́ kan, ìgbà tí òun ṣì lágbára, òun ń kó iṣu bọ̀ láti ọ̀nà abúlé Kiri. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì wà níwájú òun lórí kẹ̀kẹ́, ó di ẹrù sẹ́yìn. Ọkọ̀ èèyàn ńlá kan yọ láti iwájú, kò yà, ó gbá ọkùnrin náà sínú kòtò, ó lọ. Bàbá rí i. Ó rí nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Ó bá wọn gbé Sámúẹ́lì dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní ẹ̀yìn ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ ni òun dé, òun kò rí nǹkan kan.

"Kò kú," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa mọ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń kí mi. Á ní, okun o, awakọ̀, ẹni tó gbé mi. Iṣu tó bá dára jù ló máa ń ṣà sọ́tọ̀ fún mi. Ìkíni yẹn, ọmọ mi, ó le ju èébú lọ."

Mo bi í pé kí ni kí n wá ṣe. Ó ní òun kò ní sọ ohun tí n ó ṣe. Ohun tí òun ṣe ni òun sọ fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ọ́fíìsì. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mo parọ́ fún àwọn ìyá ọmọ lánàá. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kò burú, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ti tò ó sẹ́nu pé dókítà ni, pé èèyàn rere ni, pé ó ń sáré lọ gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ là ni. Obìnrin náà béèrè nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, àti aago tó lù. Ó kọ ọ́. Ó ní mo ṣeun. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń retí pé kó béèrè ẹni tí awakọ̀ náà jẹ́. Kò béèrè. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ta ni.

Wọ́n ní kí Dókítà san owó ìtanràn, wọ́n sì kọ ọ́ sára láísẹ́ǹsì rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọmọ Okun ti gbọ́. Fóònù mi kò dún mọ́. Nígbà tí mo lọ sí ìpàdé wa, àga tó wà lápá ọ̀tún mi ṣófo, ti apá òsì náà ṣófo. Obìnrin kan, tí a jọ máa ń lọ ra èlùbọ́, sọ sókè kí n lè gbọ́ pé àwọn kan kì í pẹ́ di òyìnbó. Mo wo ilẹ̀. Ó dùn mí, torí pé mo fẹ́ràn wọn, n kò sì ní ẹlòmíràn.

Dókítà dìde kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ tí òun sáré lọ bá lọ́jọ́ náà yè, ó sì ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní nígbà tí ìwé ọlọ́pàá dé, inú bí òun púpọ̀, òun sì ń sọ nínú ilé pé ṣé wọn kò mọ ẹni tí òun jẹ́ ni. Ìyàwó òun ló dá òun lóhùn pé ọmọ tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ta ló gbá a? Dókítà ní awakọ̀ tó ń sáré lọ síbì kan ni, tí òun náà ní ìdí tirẹ̀.

"Nígbà tí mo dé ìlú yìí," ni ó wí, "gbogbo ilẹ̀kùn tí mo kàn ni wọ́n ti ń bi mí pé ta ni mí, níbo ni mo ti wá. Ó ká mi lára. Ibì kan ṣoṣo tí wọn kò ti bi mí, ibẹ̀ ni mo ti wá ń bínú."

Ó rìn wá, ó jókòó sórí àga tó wà lápá ọ̀tún mi.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Ó ní ó dára, ó sì tètè pa fóònù ju bó ṣe máa ń pa á lọ. Kò bi mí pé ta ló dúró. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó tún pè, òun fúnra rẹ̀ ló sì pè, èyí tí kì í ṣe. Ó ní òun lọ sí Kiri. Àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà dé Kiri. Ó bá Sámúẹ́lì níwájú ilé rẹ̀, ó sọ fún un pé òun rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́sí, pé òun mọ ẹni tó ni ín, pé ẹ̀rù ló ba òun.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wá sọ, Bàbá?"

"Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ìró lọ́rí mi lẹ́yìn òun kí ọkọ̀ yẹn tó dé, òun sì mọ̀ pé kò sí bí n kò ṣe ní rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀."

Mo ń ro gbogbo iṣu tí a jẹ dàgbà nílé wa.

Bàbá ní òun bi í pé kí ló wá dé tó fi ń kí òun ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Sámúẹ́lì ní òun máa ń rí i lójú ọjà tí Bàbá ń wo ẹsẹ̀ òun, òun sì rò pé tí òun kò bá kí Bàbá, ọjọ́ kan á wà tí Bàbá á máa gba ọ̀nà mìíràn, kò sì ní rí ibi tó ti máa wá sọ ọ́.

"Kí lẹ wá ṣe, Bàbá?"

Ó ní, "Mo jókòó tì í. Ó ń bó iṣu nígbà tí mo dé. Mo gba ọ̀bẹ kejì, a jọ bó o."